Àgádágodo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Já

Ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí aago mẹ́jọ kò tíì lù, tí àwọn agbálẹ̀ ṣì ń fi omi fọ àtẹ̀gùn iwájú ilé-iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ní àkókò náà gan-an ni géèmù wọn tuntun, Ìtẹ̀dó, èyí tí wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í tà títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí àgádágodo lára rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, tí kò sì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ti ń fi Ìtẹ̀dó kọ́ ìlú. Nígbà tí ọjọ́ fi rọ̀, ọlọ́pàá ti mú ọkùnrin kan. Ọjọ́rú ni wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí ẹnìkan wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé fáìlì rẹ̀ lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe obìnrin náà, nítorí pé ó kéré, ó tín-ín-rín, kò sì sí aṣọ tí kò lè gún. Ó ti hewú nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Irọ́ kì í bí i nínú mọ́. Irọ́ tí wọn kò fara balẹ̀ pa dáadáa ni í bí i nínú, irú èyí ló sì kún inú ayé.

“Sájẹ́ǹtì,” ó ní, “ṣàlàyé àgádágodo yìí fún mi. Má fi èdè oyìnbó bò mí lójú.”

Sájẹ́ǹtì jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ń jìyà láìṣẹ̀. Òun náà a máa gbá géèmù, gbogbo àgọ́ ló sì mọ̀.

“Ọ̀gá, bí ẹ bá ra géèmù wọn, ẹ ti sanwó, ó ti di tiyín. Àmọ́ kì í ṣe tiyín.”

“Èwo ni ká mú níbẹ̀?”

“Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ó máa kọ́kọ́ lọ bi ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ wọn pé, ‘Ṣé kí n jẹ́ kó wọlé?’ Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá sí, kò ní ṣí. Bí ẹ bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, kò ní ṣí. Bí ẹ̀rọ ọ̀hún bá ń ṣàìsàn, kò ní ṣí. Ẹ ò lè yá ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ò lè fún ọmọ yín. Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá, bí mo bá délé báyìí, ńṣe ló máa ń wò mí bí ẹni tó wá jalè.”

“O sì tún fẹ́ ra tuntun.”

Sájẹ́ǹtì wo bàtà ara rẹ̀. “Mo ṣì ń rò ó ni.”

“Òmùgọ̀ méjì ló pàdé nínú ọjà yẹn,” ni Abẹ́rẹ́ wí. “Ẹni tó ta ilé tí kò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, àti ẹni tó tún padà wá ra èkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Mú ẹni tí ẹ tì mọ́lé wá.”

*

Gbohùngbohùn ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ó ti lé ní oṣù kan tí òun àti àwọn tó ń ra géèmù ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà, tí wọ́n gbé páálí sókè, tí wọ́n ń kígbe pé kí wọ́n máa ta géèmù láìsí àgádágodo, pé ohun tí ènìyàn bá fi owó rà kì í ṣe ohun tí ó ń yá lò. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: Gbohùngbohùn dúró níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bí wọn ò bá ṣí i, a ó já a!” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ẹ̀rí tó wà nínú fáìlì náà.

Bí ọkọ ìyàwó ló ṣe wọlé. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà àgọ́, wọ́n ń kọrin yìn ín, ó sì dẹ etí kan sí fèrèsé.

“Ẹ kú iṣẹ́, màmá.”

“Èmi kọ́ ni mo bí ọ. Ká ní èmi ni, wàá mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ṣé ìwọ lo já àgádágodo náà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn ará ìta ń sọ pé èmi ni.”

“Mi ò bi ará ìta.”

“Ẹni tó bá já a, màmá, akọni ni. Ẹ wò ó, ohun tí a bá fi òógùn ojú wa...”

“Mo ti gbọ́ ẹsẹ orin yẹn láti ojú fèrèsé. Báwo lo ṣe já a?”

“Há! Àṣírí iṣẹ́ nìyẹn.”

“Iṣẹ́ fíríìjì? Kí lo fi já a?”

“Kọ̀ǹpútà.”

“O ṣeun. Mo ti ń rò pé òòlù ni. Apá ibo nínú géèmù náà ni àgádágodo ọ̀hún wà?”

Gbohùngbohùn wo òkè àjà. “Ó wà ní... ní ìbẹ̀rẹ̀.”

Sájẹ́ǹtì kò lè pa á mọ́ra. “Ọ̀gá, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń rán an mọ́ gbogbo ara ẹ̀ ni, bí òwú tí wọ́n fi rán ẹ̀wù. Ọmọ ọwọ́ nínú àwa tó ń gbá géèmù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“O ṣeun, ọmọ ọwọ́.” Abẹ́rẹ́ fara balẹ̀ yí ojú padà sí ọkùnrin náà. “Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́la, kí ọjọ́ tó rọ̀, fáìlì rẹ ń lọ sí kóòtù. Ilé-iṣẹ́ náà ti kọ̀wé pé ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ni àwọn fẹ́ fún ọ, kí àwọn yòókù lè fi ọ́ kọ́gbọ́n. Bí o bá dé iwájú adájọ́ tí o tún rẹ́rìn-ín àpọ́nlé yẹn, ó máa gbà pé ìwọ ni. Àwọn tó ń kọrin níta á kọrin wọn tán, wọn á lọ jẹun. Ta ló máa bá ọ ṣí ṣọ́ọ̀bù?”

Ẹ̀rín náà bó lójú rẹ̀ bí ọ̀dà ògiri tí òjò pa.

“Màmá, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ibi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ amóhuntutù ẹnìkan ṣe ni mo ti gbọ́.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àmọ́... ṣé ẹ ò ní sọ fún àwọn tó wà níta?”

Abẹ́rẹ́ wò ó bí ẹni tí ó gé ẹ̀pà jẹ, tí ó bá ìdin níbẹ̀.

“Ẹ̀wọ̀n ò bà ọ́ lẹ́rù tó kí orin tán. Mú un padà, Sájẹ́ǹtì. Kò jalè. Ìbá ní ọgbọ́n tí ó fi lè jalè, kò ní jókòó síbí.”

*

Ní ilé-iṣẹ́ náà, ọkùnrin tó ṣe àgádágodo ní yàrá tirẹ̀ ní àjà òkè pátápátá. Alágàádágodo ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, òun náà mọ̀, ó sì gbà á bí oyè. Òun ló fún ara rẹ̀ ní àṣẹ lórí ohun gbogbo tó ń wọlé àti ohun gbogbo tó ń jáde. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kò ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i. Àtàǹpàkò ló ń tẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn kọ̀. Ó nu àtàǹpàkò mọ́ ṣòkòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn kò dá a lóhùn.

“Ooru ló ń mú un,” ni ó wí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni Abẹ́rẹ́ wí. “Ẹ ò kúkú sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ni ín?”

Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ wọn.

“Olè ni gbogbo wọn,” Alágàádágodo bẹ̀rẹ̀. “Gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ òmìnira. Òmìnira olè! Ẹni tí kò bá fẹ́ jalè, kí ló kàn án pẹ̀lú àgádágodo?”

“Ó kàn án bó ṣe kan ẹ̀yin pẹ̀lú ilẹ̀kùn yìí. Ẹ fi ojú ibi tí wọ́n ti já a hàn mí.”

“Ó máa ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀.”

“Ẹ gbìyànjú. Mo ní sùúrù.”

Ó gbìyànjú. Ó sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, kò sì dárúkọ ibì kan pàtó rárá. Bí ó ti ń la ọ̀nà ọ̀rọ̀ kan tí kò níbi tí ó ń lọ, fóònù rẹ̀ dún. Ó sáré tẹ̀ ẹ́ láti pa á, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì í tẹ̀, ohùn obìnrin àgbàlagbà kan sì bú jáde sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà: “Bàbá Kékeré! Ṣé o ti jẹun?”

“Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mà. Màá pè yín padà.” Ó pa á. Etí rẹ̀ ti pọ́n. “Bí ẹ bá sì ń wá ará ilé tó kó wa síta, ẹ wá ọmọbìnrin tó máa ń dán géèmù wò fún wa. Ó bú àgádágodo mi níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. A ti ní kó lọ jókòó sílé.”

“Ìyẹn ni pé kì í tún ṣe olè ẹnu ọ̀nà mọ́?”

“Mo ní *bí* ẹ bá ń wá a ni.”

“Mo ti gbọ́,” ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì sọ̀kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ni ó ti sọ fún Sájẹ́ǹtì pé, “Ẹni tí wọ́n jà lólè ní tòótọ́, ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń fura sí, kò sì ní gbà kí o bá a wá òmíràn. Èyí ń pín ẹ̀sùn kiri bí ẹni ń lu ọjà ní gbàǹjo.”

*

Yàrá kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin tó ń dán géèmù wò ń gbé. Ibùsùn rẹ̀ kún fún okùn iná, ó sì ń bínú kí wọ́n tó jókòó. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Fáìlì Gbohùngbohùn ti ń múra àtilọ sórí tábìlì akọ̀wé kóòtù, ó ku kí ẹsẹ̀ gbé e débẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo gbé e jáde?” ni Abẹ́rẹ́ bi í.

“Ká ní èmi ni, ṣé èyí tó lábùkù ni màá gbé jáde? Ẹ ò rí i ni, mà? Èyí tó wà níta yẹn, afárá odò ẹ̀ ṣì ń fò lójú ọ̀run! A ti tún un ṣe tipẹ́. Orúkọ mi wà lára géèmù yẹn. Gbogbo ayé ló ń fi afárá tó ń fò yẹn rẹ́rìn-ín báyìí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jáde lọ ra omi.”

Abẹ́rẹ́ jókòó. Kò sí ẹ̀rí tí ó gbà gbọ́ tó ìgbéraga. Olóòótọ́ lè ṣìnà, ẹlẹ́rìí lè gbàgbé, ṣùgbọ́n oníṣọ̀nà kì í mọ̀ọ́mọ̀ gbé iṣẹ́ tí kò parí síta kí wọ́n wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Wọ́n ní wọ́n já àgádágodo rẹ̀,” ni ó wí.

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Èyí tí wọ́n bá já, ojú ibi tí wọ́n ti já a máa wà níbẹ̀, bí ojú ìṣó lára ilẹ̀kùn. Mo ti wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò já nǹkan kan. Wọn ò tíì fi àgádágodo kọ́ ọ rárá ni.”

“Báwo?”

“Mà, ta ló fẹ́ fi àgádágodo yẹn ṣiṣẹ́? Ó ń fa géèmù lẹ́sẹ̀, ó ń lé wa jáde láàárín iṣẹ́. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n máa ń fi kọ́ ọ, nígbà tí ó bá ku kí wọ́n kó o lọ sọ́jà. Nínú ilé-iṣẹ́ wa, èyí tó ṣí sílẹ̀ ni gbogbo wa ń lò. Àwọn tó sanwó nìkan ló ń jìyà ẹ̀.”

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù lẹ́yìn.

“Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́,” ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́. “Gbogbo wa ń wo òkè. Ẹ kì í gbé èyí tó ṣí sílẹ̀ yẹn lọ sílé?”

“Kò ṣeé ṣe. Wọ́n máa ń tú àpò wa lẹ́nu ọ̀nà bí a bá ń lọ.”

“Àpò gbogbo yín?”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ó ku ti ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tú u.”

“Ìyẹn ìfura ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Sájẹ́ǹtì, ṣí nǹkan yẹn kí èmi náà rí i.”

Sájẹ́ǹtì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka itan, ó ṣí Ìtẹ̀dó. Kò sí orin. Àwọn lẹ́tà tó jáde tóbi bí àtẹ́lẹwọ́.

“Kí ló dé tí o fi sọ ọ́ di ńlá báyìí?”

“Èmi kọ́ o, ọ̀gá. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbà á.”

“Láti ìgbà tí o ti *gbà* á.”

“Fún ìwádìí ni, ọ̀gá.”

Ọmọbìnrin náà ti fà mọ́ kọ̀ǹpútà náà. “Ẹ dúró. Ẹ wò ó, mà. Èyí tó ní àgádágodo, gbogbo ohun tí ènìyàn bá fi í ṣe, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ló máa ń wà. Àmọ́ èyí tó ṣí sílẹ̀, inú ara ẹ̀ ló ń pa gbogbo ẹ̀ mọ́ sí. Bí ẹnìkan bá ti ń gbá a, tí ẹlòmíràn wá dà á kọ...”

“Ó gbé ilé pọ̀ mọ́ onílé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni! Onílé ṣì wà nínú ẹ̀.”

Ó tẹ ibì kan, agbo ilé kékeré kan sì yọ. Géèmù tí wọ́n ṣe kí ènìyàn lè kọ́ odi, kí ó kó ọmọ ogun jọ, kí ó gba ìlú onílùú: ẹni tó gbá èyí kò kọ́ odi kankan. Ó gbẹ́ kànga kan. Ó gbin òdòdó yí i ká. Lẹ́bàá kànga ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan dúró, ó pọn omi sẹ́yìn, ó sanra ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìtẹ̀dó fàyè gba ènìyàn láti sọ ẹran rẹ̀ lórúkọ. Lókè orí èyí, ní lẹ́tà tí afọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà, ni wọ́n kọ ọ́ sí: Bàbá Kékeré.

Abẹ́rẹ́ wò ó pẹ́. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dún bí aṣọ tó fàya.

“Pa á, Sájẹ́ǹtì. A fẹ́ lọ kí ìyá oníyàá.”

*

Ní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti lọ gbé Alágàádágodo sínú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ kàn fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà hàn án. Kí ọkọ̀ tó yà ní kọ́nà àkọ́kọ́, ó ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dára ládùúgbò màmá mi,” ni ó wí, ó ń fi áńkáṣífì nu ọrùn. “Gbogbo ìgbà ni àgádágodo ń tì wọ́n mọ́ta. Wọ́n á pè mí láàárín ìpàdé: ‘Ó tún ní òun ò mọ̀ mí o.’ Mo bá fi fláàṣì gbé èyí tó ṣí sílẹ̀ lọ fún wọn. Ìyá mi ni!”

“Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, igi ló bí wọn?”

“Mo ti pa èyí tó wà lọ́wọ́ mi rẹ́. Ti kọ̀ǹpútà wọn nìkan ló kù, wọn ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.” Ó sún mọ́ ọn. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ọkùnrin yẹn fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun máa já a. Adájọ́ á kàn kìlọ̀ fún un. Bí tèmi bá jáde, wọ́n á lé mi, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó máa tún ra àgádágodo lọ́wọ́ ẹni tó ṣí i fún ìyá ẹ̀.”

“Ìwé tó ní kí wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n gbọọrọ, ta ló kọ ọ́?”

Ó wo ojú fèrèsé ọkọ̀.

“Mo rò bẹ́ẹ̀,” ni Abẹ́rẹ́ wí. Nínú gbogbo ohun tí ó ti kẹ́gàn láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò rí èyí tí yóò fi wé e. Gbohùngbohùn fẹ́ gba ògo olè tí kò jà. Èyí fẹ́ gbé olè tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó sì tún ní kí wọ́n lù ú dáadáa.

Ìyá náà ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àpótí, orúnkún rẹ̀ wú, kọ̀ǹpútà wà lórí àtẹ níwájú rẹ̀, awò ojú rẹ̀ sì nípọn bí ìdí ìgò.

“Bàbá Kékeré! Ní ọ̀sán gangan? Ṣé wọ́n ti lé ọ ni?”

“Wọn ò tíì lé e, mà,” ni Abẹ́rẹ́ wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. “Ọlọ́pàá ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta lẹ yá géèmù yín?”

“Obìnrin kan tí a jọ ń gba ìtọ́jú orúnkún. Ó ní òun náà fẹ́ kànga bíi tèmi. Ọmọ ọmọ ẹ̀ ló bá a gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ni ọmọ yẹn bá tún lọ pín in fún gbogbo ayé. Mo ti gbọ́, mo sì ti bá a wí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ohun tó jẹ́ tèmi, ṣé mi ò lè yá ènìyàn ni?”

Sájẹ́ǹtì wúkọ́. “Mà, ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà gan-an nìyẹn.”

“Ẹnu ọ̀nà wo?”

Abẹ́rẹ́ sọ fún un láìfi iyọ̀ sí i: ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, àhámọ́ tí ó wà, fáìlì tó fẹ́ gbéra, ẹ̀wọ̀n tó ń dúró dè é. Ìyá náà yọ awò ojú rẹ̀. Kò wo Abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ rẹ̀ ló dojú kọ.

“Ṣé o mọ̀?”

“Mà, ọ̀rọ̀ náà kò rí bí...”

“Mo ní ṣé o mọ̀.”

“Mo mọ̀, mà.”

Alágàádágodo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ẹ̀wù olówó ńlá. “Ẹ jẹ́ kí n nu ti inú kọ̀ǹpútà yìí, mà. Màá fi èyí tó ní àgádágodo rọ́pò ẹ̀. Màá ṣe tiyín lọ́tọ̀, ẹ̀rọ wa á máa dá yín mọ̀. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.”

“Kí n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ kí n tó fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi lómi?” Ó wo orí tó wà nílẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. “Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí mo fi sọrí rẹ. Òun ń ru ẹrù ara ẹ̀, ó kéré tán.”

Lẹ́yìn náà ni ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó sì tì í sínú àpò tí ó máa ń gbé lọ sí ọsibítù. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀.

“Ẹ wá gbé mi dìde. Èmi ni màá lọ sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Ní àgọ́ yín ni màá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ gbé mi lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yẹn kí n tún un sọ.”

“Mà, orúnkún yín!” ni ọmọ rẹ̀ kígbe.

“Orúnkún ló ń dùn mí. Ẹnu ò dùn mí.”

Alágàádágodo sáré dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba àpò náà. Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ náà. Ó rò ó, Abẹ́rẹ́ sì rí i pé ó rò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé àpò náà lé Sájẹ́ǹtì lọ́wọ́.